Ohun Tí Ó Wà Lẹ́yìn Ètè Fẹ́rẹ́ẹ̀tì

Fẹ́rẹ́ẹ̀tì jẹ́ ẹranko kékeré kan tí ara rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń jẹ ẹran. Ẹ fi ọwọ́ kan di awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ mú, ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ìdí rẹ̀ ró, kí ẹ sì gbé e sókè díẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ara rẹ̀ á fi rọ̀ wọ̀ọ̀, ẹnu rẹ̀ á sì là gbàgà: ó ń yán nìyẹn. Bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń fi ẹnu gbé e nígbà tí ó wà lọ́mọ náà ni, ara rẹ̀ kò sì gbàgbé. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí ẹnu yẹn fi là ni àǹfààní tó dára jù láti rí gbogbo eyín rẹ̀, àjà ẹnu rẹ̀ àti ahọ́n rẹ̀, láìsí ìjà, láìsí ìgéjẹ. Àwọn tó ń sin fẹ́rẹ́ẹ̀tì mọ ọgbọ́n yìí dáadáa, nítorí wọ́n fi ń gé èékánná rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń fi wo eyín.

Ohun tí ojú máa ń kọ́kọ́ bá pàdé ni eyín ṣóńṣó mẹ́rin tó wà níwájú. Wọ́n funfun, wọ́n ń dán, ẹni tó ń wò ó á sì ní eyín ẹran òun mọ́. Ibẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ wà. Ẹ fi àtàǹpàkò ti igun ètè rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ wo eyín ńlá tó wà lókè lọ́hùn-ún, ní ojú ìta rẹ̀ tó kọjú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ìdọ̀tí yóò bá bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, àwọ̀ rẹ̀ bí àbàwọ́n tíì nínú ife, tó lẹ̀ mọ́ ibi tí eyín ti jáde nínú ẹran ìdí rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa eyín fẹ́rẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ̀ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ń yí po.

Fẹ́rẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹran tí wọ́n ń sìn nílé wa. Ní ìlú ọba, àwọn ọdẹ ìgbèríko ti ń rán an wọ ihò ehoro láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn mìíràn sì ń sìn ín nínú ilé bí ológbò. Wọ́n ń sìn ín ní Amẹ́ríkà náà, àmọ́ òfin ìpínlẹ̀ California àti ti Hawaii kò gbà á láyè. Bí ọmọ bá wá mú un wọlé tọ òbí tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta wá, ó rọrùn kí òbí náà fojú ọ̀kẹ́rẹ́ tàbí òkété wò ó, kó sì fún un ní igi kí ó máa họ. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Eyín iwájú òkété kì í dẹ́kun híhù, ìdí nìyẹn tí ó fi gbọ́dọ̀ máa fi nǹkan líle yún un. Eyín fẹ́rẹ́ẹ̀tì kì í hù mọ́. Ẹran ló ń jẹ, ẹran nìkan ni a sì dá ìfun rẹ̀ fún. Bí eyín rẹ̀ bá ṣẹ́, ó ṣẹ́ nìyẹn títí ọjọ́ ikú.

Àgbà fẹ́rẹ́ẹ̀tì ní eyín 34: 16 lókè, 18 nísàlẹ̀. Méjìlá wẹ́wẹ́ ló wà níwájú, mẹ́rin ṣóńṣó tẹ̀ lé wọn, méjìdínlógún yòókù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn. Nínú àwọn ti ẹ̀yìn yìí, méjì ló ṣe pàtàkì jù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí wọ́n máa ń kọjá lára ara wọn bí ojú àlùmọ́gàjí láti gé ẹran àti eegun wẹ́wẹ́. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì kì í lọ oúnjẹ bí ewúrẹ́. Ó ń gé e ni, ó sì ń gbé e mì. Nígbà tí ó bá ń gé e, eyín ìsàlẹ̀ máa ń fi ara nu ojú inú eyín òkè. Ojú ìta eyín òkè náà kò rí ohun tí yóò nù ún, ahọ́n kì í sì í dé ibẹ̀. Ẹ tún fi kún un pé ojú ihò ọ̀kan nínú àwọn ibi tí itọ́ ti ń wọ ẹnu wà ní ẹ̀gbẹ́ eyín yìí gan-an, itọ́ ló sì ń gbé èròjà tí ń sọ ìdọ̀tí di òkúta. Bí ibẹ̀ ṣe ń dọ̀tí ṣáájú ibòmíràn nìyẹn.

Ìdọ̀tí náà kì í ṣe oúnjẹ tó há séyín. Ìpele rírọ̀ kan ni, tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ń hun sára eyín láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fọ̀ ọ́ tán. Ní àsìkò yìí, òwú lásán lè nù ún kúrò. Bí ó bá wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, èròjà inú itọ́ á wọ̀ ọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í le, bí èépá funfun tó máa ń dì mọ́ inú kẹ́tù tí a fi ń se omi. Láti ìgbà náà lọ, kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó ká a mọ́. Ẹni tó bá ń fọ eyín fẹ́rẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ń ṣe wàhálà lásán, nítorí ìdọ̀tí ọjọ́ Ajé ti le kí ọjọ́ Àìkú tó pé. Ojoojúmọ́ ló dára jù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo kà sí ìwọ̀n tó kéré jù tí ó ṣì nítumọ̀.

Òkúta eyín yìí fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń ṣe ìpalára tó pọ̀ jù. Ara rẹ̀ rí págunpàgun, ìdọ̀tí tuntun á máa rí ibi dì mú, á sì máa yọ́ wọ abẹ́ ẹran ìdí eyín. Nínú ẹnu tó dá ṣáṣá, àlàfo tó wà láàárín ẹran àti eyín fẹ́rẹ́ẹ̀tì kì í sábà tó ìdajì mìlímítà. Bí kòkòrò bá ti wọ ibẹ̀, ẹran náà á pọ́n, á wú, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára eyín, àlàfo náà á di àpò. Títí dé ibi pípọ́n yìí, gbogbo rẹ̀ ṣì ní àtúnṣe: bí a bá fọ̀ ọ́ mọ́, ẹran á padà sí àwọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé eegun tó di eyín mú, eegun náà á máa jẹrà díẹ̀díẹ̀, èyí tó sì ti lọ kì í padà.

Ẹ má fi àwọ̀ ọjọ́ orí pe ìdọ̀tí o. Eyín ṣóńṣó ọmọdé fẹ́rẹ́ẹ̀tì funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Bí ó ṣe ń dàgbà, eyín náà á máa pọ́n díẹ̀, orí rẹ̀ á sì máa rí bíi gíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, débi pé àwọn dókítà ẹranko máa ń fi í díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọ̀ yẹn wà nínú eyín, ó dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀, kì í ṣe ohun tí a lè fọ̀. Ìdọ̀tí wà lórí eyín, ó ní etí tí a lè rí, ó sì máa ń nípọn jù létí ẹran.

Wàyí o, fífọ̀ rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tí a ṣe fún ológbò, èyí tí orí rẹ̀ kéré jù lọ, ló bá a mu. Àwọn kan máa ń ra èyí tí a ń kì bọ ìka, ṣùgbọ́n ìka àgbàlagbà pẹ̀lú rọ́bà lórí rẹ̀ tóbi ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ́ẹ̀tì lọ. Kò ní dé ẹ̀yìn. Bí kò bá sí búrọ́ọ̀ṣì, ẹ wé aṣọ ìdi-ojú-egbò tó mọ́ mọ́ orí ìka kékeré. Ọṣẹ ẹnu rẹ̀ ni èyí tí a ṣe fún ológbò tàbí ajá, tí ó lè gbé mì láìsí ewu. Ìwọ̀n hóró ọkà bàbà kan ti tó. Ẹ má fi màkílíìnì tiwa kan ẹnu rẹ̀ rárá. Ìfófòó rẹ̀ kò ṣeé tu fún ẹranko, gbogbo rẹ̀ ni yóò gbé mì, fluoride inú rẹ̀ kò sì dára fún ikùn rẹ̀. Àwọn mìíràn ní xylitol, ohun adùn kan tó máa ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá lulẹ̀ lójijì, tí a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí fẹ́rẹ́ẹ̀tì tọ́ wò. Ọṣẹ tí a fi òróró tea tree sí náà, ẹ gbé e jìnnà.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tí ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ kàn fi ọṣẹ náà sórí ìka kí ó lá a. Láti ọjọ́ kẹrin, bí ó bá ṣe ń lá a, ẹ máa gbé igun ètè rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fi aṣọ wé ìka, ẹ fi ra ojú ìta eyín òkè lẹ́ẹ̀mejì, ó tán. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni búrọ́ọ̀ṣì máa wọlé. Ẹni tó bá fi ipá mú un lọ́jọ́ kìíní yóò jà á lójoojúmọ́ títí tí yóò fi sú u. Ọmọ fẹ́rẹ́ẹ̀tì ló tètè ń kọ́ ọ, nítorí ohun tí imú rẹ̀ bá mọ̀ ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ ló ń gbà títí ayé. Àmọ́ ẹ rántí pé eyín ọmọ àti eyín àgbà ń pààrọ̀ ara wọn lẹ́nu rẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ keje sí ìkọkànlá. Ẹnu á máa ro ó, ìka nìkan ni kí ẹ lò nígbà náà. Ẹ lè rí eyín ṣóńṣó méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ má fòyà, ti ọmọ ni yóò já.

Àkókò tó dára ni ìgbà tí ó ti sáré ṣeré tó, tí ó ti rẹ̀ ẹ́, tí ó sì ti yàgbẹ́. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí kò ní dúró jẹ́ẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e sórí itan, ẹ̀yìn rẹ̀ sí ikùn yín, ẹ wé e sínú táwẹ́ẹ̀lì bí ọmọ tuntun, kí orí nìkan wà níta. Ẹ má fún un mọ́. Ẹnu rẹ̀ kò nílò kí ó là. Ẹ fa igun ètè sẹ́yìn, ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì wọ àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín, kí irun rẹ̀ dagun sí ibi tí ẹran àti eyín ti pàdé, ìdajì sórí eyín, ìdajì sí etí ẹran. Ẹ máa yí i róbótó róbótó, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni ń nu ojú gíláàsì aago. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ní ẹ̀gbẹ́ kan ti tó. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ti iwájú bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó rọrùn, sùúrù ẹran náà á sì tán kí wọ́n tó dé ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Bí ó bá já mọ́ yín lọ́wọ́ lẹ́yìn ìyẹn, kò burú, iṣẹ́ ti ṣe. Ojú inú eyín, ẹ fi sílẹ̀ fún ahọ́n. Lẹ́yìn náà ẹ fún un ní ẹran bíńtín tàbí ẹyin sísè díẹ̀. Kí ó má ṣe jẹ́ èso gbígbẹ, kí ó má ṣe jẹ́ ohun dídùn.

Bí ẹran ìdí eyín bá ti ń pọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè hàn lórí búrọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ kìíní. Èyí tó bá ṣì ń jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ilé dókítà ni. Òkúta tó ti dì, ẹ má fi èékánná tàbí irin họ ọ́. Ojú eyín á fín, ìdọ̀tí á sì tún rí ibi lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, irin sì lè yọ̀ gún ẹran.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé nípa iṣẹ́ tí ojú ń sún mọ́ ojú báyìí. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì máa ń kó flu lára èèyàn. Ara fẹ́rẹ́ẹ̀tì ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn mẹ́ta, Wilson Smith, Christopher Andrewes àti Patrick Laidlaw, lò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1933 nígbà tí wọ́n fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì ló ń fa flu èèyàn. Nítorí náà, bí ara yín bá gbóná tí ẹ sì ń sín, kí ẹlòmíràn fọ eyín rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ títí ara yín á fi yá.

Lórí oúnjẹ, àríyànjiyàn pọ̀. Ẹni tó bá mọ bí pákò ṣe ń ṣiṣẹ́ á lóye ọ̀rọ̀ náà kíákíá. Kì í ṣe líle pákò ló ń fọ eyín. Irun tí a rún jáde lórí rẹ̀ ni, tó ń ra etí ẹran. Oúnjẹ gbígbẹ inú àpò le, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orí eyín ló ti ń fọ́, kì í dé etí ẹran níbi tí ìdọ̀tí wà, líle rẹ̀ sì lè máa jẹ orí eyín lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹran odindi, bí òròmọdìyẹ ọjọ́ kan tàbí eku tí wọ́n ń tà nínú yìnyín, ní awọ, ìyẹ́ àti iṣan tí fẹ́rẹ́ẹ̀tì ń fi eyín ẹ̀gbẹ́ fà, ìfà yẹn sì ń nu ojú ìta eyín. Ọrùn tàbí ìyẹ́ apá adìyẹ tútù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Eegun tí a ti sè, rárá: ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ tó mú bí abẹ́rẹ́. Ẹran tútù kò sì wà láìléwu. Salmonella, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn inú, lè wà nínú adìyẹ, ilé tí ọmọ ọwọ́ tàbí aboyún wà kò yẹ fún un. Ní ìparí ọdún 2024, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì flu ẹyẹ, H5N1, nínú oúnjẹ tútù ológbò kan ní Amẹ́ríkà, ológbò sì kú. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì náà máa ń kó o, yìnyín kì í sì í pa á. Ẹ tún rántí pé fẹ́rẹ́ẹ̀tì a máa gbé oúnjẹ pamọ́. Bí ẹ bá fún un ní ìyẹ́ apá adìyẹ, ẹ wo abẹ́ àga kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn tó bá ń jẹ oúnjẹ gbígbẹ láti kékeré lè má mọ̀ pé òròmọdìyẹ jẹ́ oúnjẹ rárá. Ẹ má fi ebi fipá mú wọn, nítorí wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni oúnjẹ fi ń gba inú wọn kọjá.

Àwọn nǹkan jíjẹ tí wọ́n ń tà pé ó ń fọ eyín, awọ líle ajá, egungun rọ́bà, mi ò fọwọ́ sí wọn. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì máa ń gé rọ́bà gbé mì, ó sì ń dí ìfun. Mo mọ̀ pé búrọ́ọ̀ṣì ń gba àkókò, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a ń dà sómi mímu tó lè dípò rẹ̀.

Eyín ṣóńṣó iwájú ní ìṣòro tirẹ̀, kì í sì í ṣe ti ìdọ̀tí. Ẹran inú eyín náà, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára wà, gùn dé itòsí orí rẹ̀ gan-an. Bí orí eyín bá ṣẹ́ díẹ̀ péré, ó lè ti ṣí i sílẹ̀. Ẹ wo ojú ibi tó ṣẹ́: bí ẹ bá rí àmì kékeré pupa tàbí dúdú ní àárín, ọ̀nà ti ṣí fún kòkòrò láti wọ gbòǹgbò, ìrora sì wà níbẹ̀ bí ẹran náà tilẹ̀ ń jẹun. Eyín tó di àwọ̀ eérú ti kú. Irin kéèjì ló sábà ń fa èyí. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì tí a tì mọ́lé pẹ́ jù á máa fi eyín fa irin ní gbogbo ìgbà tó bá gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn fún un lásìkò tó ń fà á, ẹ ti kọ́ ọ pé fífà ló ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ dúró kí ó dákẹ́ ná, kí ẹ tó ṣí i, kí ó sì máa wà níta fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán lójúmọ́.

Fẹ́rẹ́ẹ̀tì kì í fi ìrora ẹnu hàn tààrà. Òórùn ara rẹ̀ gan-an máa ń bo òórùn ẹnu mọ́lẹ̀, imú onílé sì ti mọ́ ọn lára. Ẹ gbé imú dé ẹnu rẹ̀. Bí eyín bá ń dùn ún, á máa jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, á gbé oúnjẹ á tún jù ú sílẹ̀, á yan ohun rírọ̀. Bí ó bá wú lábẹ́ ojú, gbòǹgbò eyín ńlá òkè ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Àmọ́ wíwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó rọ̀, tí kò dùn ún, tí omi inú rẹ̀ ń fà bí ilá nígbà tí dókítà bá fi abẹ́rẹ́ fà á, ti itọ́ ni, kì í ṣe ti eyín.

Èyí tó máa ń tan èèyàn jẹ jù ni kí ó máa da itọ́, kí ó sì máa fi ọwọ́ nu ẹnu. Ẹni tó bá rí i á ní eyín ni. Nínú fẹ́rẹ́ẹ̀tì tó ti ju ọdún mẹ́ta lọ, ó lè jẹ́ insulinoma, kókó kan nínú pancreas, ẹ̀yà ara kan nítòsí ikùn, tó ń da insulin, èròjà tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, jù, tí ṣúgà náà sì ń wálẹ̀. Àìsàn yìí wọ́pọ̀ lára wọn. Bí ojú rẹ̀ bá ń wò réré, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń rọ lẹ́yìn oorun gígùn, ẹ fi oyin díẹ̀ pa á ní ẹran ìdí eyín, kí ẹ sì máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ó bá ń wa eyín pọ̀ kẹ́kẹ́kẹ́, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, egbò inú ikùn ni kí a rò.

Nígbà tí òkúta bá ti dì, dókítà ẹranko tó mọ fẹ́rẹ́ẹ̀tì ló lè yọ ọ́, pẹ̀lú oògùn akunnilóorun. Àwọn tó ní àwọn lè họ ọ́ láìsí oorun, ibi tí ojú rí nìkan ni wọ́n ń họ. Abẹ́ ẹran, níbi tí àrùn wà, kò ṣeé dé nígbà tí ẹran náà ń jà. Kí ẹ tó gbà, ẹ bi dókítà náà léèrè mẹ́ta. Wákàtí mélòó ni kí a má fi fún un lóúnjẹ? Bí ó bá ní láti alẹ́ dé òwúrọ̀, bí ajá, ẹ wá ẹlòmíràn. Mẹ́rin ti pọ̀ tó, kí ó sì dín sí i bí insulinoma bá wà níbẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń mú ara rẹ̀ gbóná? Ẹran kékeré tó ń sùn lórí tábìlì máa ń tutù kíákíá. Ṣé wọ́n máa ń dán eyín lẹ́yìn tí wọ́n bá họ ọ́ tán? Bí wọn kò bá dán an, ojú tó fín náà á tún gba ìdọ̀tí kíákíá. Eyín tó ń mì tí X-ray sì fi hàn pé eegun rẹ̀ ti lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì máa ń jẹun dáadáa láìní i, ohun tí kò lè ṣe dáadáa ni kí ó máa fi ìrora jẹun.

Bí wọ́n bá yọ eyín, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ oúnjẹ rẹ̀ títí yóò fi rí bí ẹ̀kọ mímu, fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, kí búrọ́ọ̀ṣì má sì dé ojú egbò náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé e dé láti ilé dókítà, ẹ fi fóònù ya ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu rẹ̀, ẹ sì máa yà á ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, ní ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kan náà. Ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí ẹ bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ ju èkejì lọ. Ẹ̀gbẹ́ tó kù díẹ̀ káàtó yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì.